Ìbọn Tí Kò Dún Ní Ìdí Ìyeyè

Ẹ jókòó. Dàmọ́lá, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, mi ò bínú mọ́. Ariwo tí mo pa mọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ti ìbínú, ẹ̀rù ló bà mí. Bùkọ́lá, sún mọ́ mi níhìn-ín kí n rí ojú rẹ dáadáa. Kò sí nǹkan tó ṣe ọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àyà mi rọ̀ díẹ̀ ná.

Omi tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fa gbogbo rẹ̀. Odò Ògùn ti ń ya wọ ilé wa kí wọ́n tó bí ìyá yín, kò sì tíì jáwọ́. A kó ẹrù yàrá ẹ̀yìn síta kí oòrùn lè pa á, ẹ sì rí ìbọn bàbá mi nínú àpò ìdọ̀họ. Ìwọ Dàmọ́lá gbé e, o dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbọ́n rẹ, o ní kó rẹ́rìn-ín kí o yà á ní fọ́tò. Mo ké. Ìwọ sì ń pẹ̀tù sí mi nínú: "Bàbá, ẹ má wọ́rì jàre, kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ọmọ mi, gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tí ìbọn pa láìjẹ́ pé ẹnì kan fẹ́ pa á, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn, tàbí kí ó jẹ́ òun ni wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ kẹ́yìn. Ìbọn tí a mọ̀ pé ó kún, a máa ń bẹ̀rù rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé e. Èyí tó dá wa lójú pé ó ṣófo ló ń pa ará ilé. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Apátí ni irin tí a ń fi ìka fà láti yìn ín. Mo ti ní kí wọ́n rì í sínú dírọ́ọ̀mù omi lẹ́yìnkùlé. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi dé lọ́la.

Ṣùgbọ́n o tún sọ nǹkan kejì, Dàmọ́lá. Ẹ̀rín lo fi sọ ọ́. O ní, "Bàbá, ta ni wèrè tó máa gbé ìbọn tó kún wọnú ilé?" Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe ní kí Bùkọ́lá lọ pe ìyá yín wá nídìí aṣọ tó ń sá. Àbẹ̀kẹ́, jókòó sórí àpótí yẹn. Aṣọ á gbẹ. Èmi ni wèrè náà, gbogbo yín lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti gbọ́ pé ìbọn ló pa Àkànní, àbúrò mi, tí í ṣe bàbá tó bí ìyá yín. Ẹ sì ti gbọ́ pé èmi ni mo gbàgbé ẹ̀tù àti ọta sínú ìbọn náà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹ gbọ́. Ìdajì kejì, n kò sọ ọ́ fún alààyè kankan rí, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ṣe jókòó yìí, nítorí mi ò mọ bí yóò ṣe rí lára rẹ, Àbẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ibi tó dùn.

Lónìí, bí ìbọn bá dún ní Kétu, ẹ ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lóṣù Kejìlá, bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ju nọ́káòtù lásán, ìyá yín á ní ká ti géètì. Nígbà tiwa, ìròyìn ayọ̀ ni ìbọn ìrọ̀lẹ́. Oko ni Ìkòsí nígbà náà. Láti ibi tí a jókòó sí yìí títí dé etí odò, igbó, àbàtà àti oko ẹ̀gẹ́ ni. Ibi tí ọkọ̀ tòmátì ń dúró sí ní Mile 12 lónìí, ibẹ̀ ni ọ̀yà ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ bàbá mi bí ẹni pé ó bá a gbìn ín. Àgbẹ̀ ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìbọn nínú wa, bí iṣẹ́ oko bá ti tán, ó di ọdẹ.

Ìbọn ṣakabùlà ni tiwa. Ẹ̀tù la ó kọ́kọ́ dà sí i lẹ́nu, a ó fi ìhá ẹyìn dí i, a ó da ọta lé e, a ó tún dí i, lẹ́yìn náà a ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí a bá ti kì í tán, kò ṣe é dà jáde mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó rọrùn láti sọ ọ́ di òfìfo ni kí a yìn ín. Ọdẹ tó bá rìn kiri láti ọ̀sán tí kò rí ẹran, ìbọn kíkún ló ń gbé bọ̀ wálé, sáàárín ìyàwó àti ọmọ.

Nítorí èyí ni àwọn bàbá wa ṣe ṣe òfin kan. Igi ìyeyè ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó wọ àgbègbè wa, níwájú ilé oògùn yẹn níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tò sí. Ọdẹ tó ń ti oko bọ̀, tí ìbọn rẹ̀ bá ṣì kún, ìdí ìyeyè ni yóò ti dúró, yóò dojú rẹ̀ kọ àbàtà, yóò yìn ín. Ìbọn àbọ̀ là ń pè é. Ìbọn tó kún kì í kọjá ìdí ìyeyè. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé, n kò sì rí ẹni tó rú u rí títí ó fi kàn mí.

Gbogbo ìyàwó ló mọ ohùn ìbọn ọkọ rẹ̀. Ti bàbá mi máa ń ki, a máa dún rìndìnrìndìn sínú omi. Tèmi a máa ṣiyèméjì, nítorí òòlù tó ń lu iná sí i lára kò lágbára: á kọ́kọ́ ní "kẹ́", á dákẹ́ díẹ̀, kó tó wá ní "gbòlà". Àwọn ìyá wa á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbọn mi ń kólòlò. Bí ìyá mi bá gbọ́ ti bàbá mi, á ní, "Baálé mi ti dé," á gbé omi ìwẹ̀ kaná. Kí bàbá mi tó wọ àgbàlá, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Obìnrin tí kò bá gbọ́ tirẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń pòfìrí, á dákẹ́, àwọn yòókù náà á sì bá a dákẹ́, wọn ò ní kọrin lẹ́nu odó mọ́ títí ọkọ rẹ̀ fi máa dé.

Ẹ má rò pé òfin náà kò ní àṣìṣe tirẹ̀ o. Àbúrò bàbá mi kan wà, Bàbá Dáúdù, tí kì í fẹ́ ṣe nǹkan bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Ó ní òun ò ní máa fi ọta òun bọ́ àbàtà. Ló bá dojú ìbọn kọ òkè, ó yìn ín. Kò mọ̀ pé ẹlẹ́mu kan wà lórí ọ̀pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyeyè. Ọta ò bà á rárá, ẹ̀rù ló mú kó tú akèrègbè dà sórí ara rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ rin gbingbin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ sọ fún ìyàwó mi pé mo ti kú." Bàbá Dáúdù náà jókòó tì í, ó ń sunkún. Nígbà tí ẹnì kan tọ́ ara ọkùnrin náà lá tó rí i pé ẹmu ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rín pa wá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Bàbá Dáúdù kò dojú ìbọn kọ òkè mọ́.

Ẹran tí a bá sì pa, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọrùn ti baálé ni, àyà ti ẹni tó bá wa gbé e, ìfun ti àwọn ìyá àgbà tí eyín wọn ti lọ. Ilé tó bá ní aboyún, itan kékeré kan gbọ́dọ̀ débẹ̀. Lónìí, ẹ ń ra tọ́kì inú yìnyín, ẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn jẹ ẹ́. N kò bá yín wí, ayé tiyín nìyẹn. Ó kàn máa ń ṣe mí bíi kí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn nígbà tí a bá ń jẹun.

Àkànní kò nífẹ̀ẹ́ igbó. Irin ló fẹ́ràn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń tún ṣe ní Ojota, bó bá sì dé ilé, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó bàjẹ́ kiri: àtùpà, ìdè ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa. Bó bá wà láyé lónìí, Owódé Onírin ni ẹ ò bá ti máa lọ kí i, láàárín àwọn irin àlòkù, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú, á máa súfèé. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ òòlù ìbọn mi. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo ìbọn akólòlò yìí, ojú ń tì mí fún yín." Èmi á ní kó di ọjọ́ mìíràn.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ wojú Ọlọ́run fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó bí ọ, Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí o tó ọmọ oṣù kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lo fi sunkún, ní ọ̀sán àti ní òru. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: kò sí àgbà tí kò gbé ọ pọ̀n nínú agbo ilé. Kò sí ewé tí a kò já, kò sí àdúrà tí a kò gbà, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn rẹ ti há. Ojú Àkànní pọ́n, kò lọ sí Ojota, ó kàn ń tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ káàkiri àgbàlá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta náà ni mo ti igbó dé, n kò pa nǹkan kan. Mo dé ìdí ìyeyè, mo bá ìyá ìyá rẹ tó wá tọ́jú ọmọ, ó ń bọ̀ pẹ̀lú omi. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, ọmọ ti sùn o. Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ ni. Ẹ bá mi dúpẹ́." Kò dárúkọ ìbọn, kò tilẹ̀ wo ìbọn. Ó kọjá lọ.

Mo gbé ìbọn léjìká, mo dojú rẹ̀ kọ àbàtà, mo fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn. Ilé wa ló sún mọ́ ìyeyè jù, mo ń wo fèrèsé yàrá tí o wà láti ibi tí mo dúró sí. Mo wò ó títí. Mo rọra dá òòlù padà. Bàbà pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí a máa ń fi dé ibi tí òòlù ń lù, òun ló ń ta iná sí ẹ̀tù. Mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ sínú àpò mi, nítorí láìsí i, igi lásán ni ìbọn. Mo ní kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́la, màá gbé e padà wá síbí, màá yìn ín. Mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú mi dùn sí ara mi, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Mo rò pé mo ṣe oore.

Nígbà tí mo jí, gbogbo agbo ilé ṣì dákẹ́. Àwọn ènìyàn tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta ni, ó tún ṣe mí bíi kí n má dí wọn lọ́wọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ wo ìgèrè tí mo fi ń mú ẹja lódò, bí mo bá fi máa dé, wọ́n á ti jí.

Ìyá rẹ ló sọ ìyókù fún mi. Àkànní jí, inú rẹ̀ dùn nítorí ara ọmọ ti balẹ̀. Ó rí ìbọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìbọn tó bá ti kọjá ìdí ìyeyè, òfìfo ni; wọ́n bí i bá òfin yẹn ni. Kò wo ẹnu rẹ̀, kò fi ọ̀pá wọn inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi, n kò ní wò ó. Ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú òòlù rẹ̀, ó fi òróró sí i, ó tún sípíríìnì rẹ̀ ṣe. Nígbà tó parí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò lù dáadáa, ó sì mú bàbà kékeré kan nínú agolo mi, ó fi dé e, bí gbogbo wa ṣe máa ń dán ìbọn òfìfo wò. Ìdí ìbọn wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọ àyà rẹ̀. Ìyá rẹ bi í léèrè láti inú yàrá pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Mò ń bá Ẹ̀gbọ́n tún ìbọn wọn ṣe. Má mikàn, kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Mo wà nínú omi dé orúnkún, mo di ìgèrè mú. Mo gbọ́ ọ. Ìbọn mi ni, kò sí ìbọn mìíràn tó ní ohùn yẹn, ṣùgbọ́n kò kólòlò. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló dún. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Àkànní ti tún un ṣe. Obìnrin kan tó ń fọṣọ létí odò gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ta ló tún ti oko dé láàárọ̀ yìí?" Mo ti ń sáré.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àkànní di mí lọ́wọ́ mú kó tó lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá mú mi lọ, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n gba ìbọn náà, wọ́n dá mi sílẹ̀. Tìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni ti àwọn bàbá wa. Wọ́n pè mí jókòó láàárín, baálé bi mí: "Kí ló dé tí ìbọn tó kún fi kọjá ìdí ìyeyè?" Ìyá rẹ wà níbẹ̀, ó gbé ọ sórí itan, o ń mu ọyàn. Mo wò ọ́. Ẹ mọ bí ẹnu àwọn ènìyàn wa ṣe ń rí nígbà náà. Bí mo bá ní nítorí oorun ọmọ yìí ni, kí oṣù tó pé, wọn á ti ní ẹsẹ̀ ọmọ náà kò dára, pé òun ló wá pa bàbá rẹ̀. Orúkọ yẹn ni o ò bá gbé dàgbà. Òun ni ọkọ ò bá fi kọ̀ ọ́. Mo dáhùn pé, "Mo gbàgbé ni."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Onígbàgbé. Wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ síkàáwọ́ mi mọ́ nínú agbo ilé. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, wọn á tún rán ẹlòmíràn tẹ̀lé mi. Èmi náà kò gbé ìbọn mọ́, ẹja ni mo fi jẹun títí wọ́n fi ta etí odò, wọ́n gé ìyeyè, títì sì gba orí ibẹ̀ kọjá. Ìyá ìyá rẹ padà sí abúlé rẹ̀. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀, kò sọ ọ́ títí ó fi kú. Ìyá rẹ ní tirẹ̀, nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ó wọ yàrá mi, ó gbé ọ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á mọ́ra, ó ti di tiyín." Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ó tún wá jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, n kò rí ohun kan tí ẹ gbàgbé rí." Mo wo ibòmíràn. Kò bi mí mọ́, ó kàn bá mi tún fìlà mi tó wọ́ ṣe.

Dàmọ́lá, ìdí tí mo fi sọ ọ́ lónìí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ yẹn sílẹ̀ fún yín, ẹ ó máa rò pé wèrè àti onígbàgbé nìkan ló ń fi ìbọn ṣe àṣìṣe, ẹ ó sì ní ẹ̀yin kì í ṣe méjèèjì. Èmi kò gbàgbé ohunkóhun. Ìfẹ́ ni mo fi gbé e wọlé. Àkànní náà kì í ṣe aláìbìkítà. Èmi ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ìbọn kò mọ ìyàtọ̀. Torí náà, ìbáà ṣe èmi ni mo sọ fún ọ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, má gbà mí gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́, mo ti sọ ọ́ tán. Má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ oṣù kan ni ọ́, oorun lo sùn, o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, ara mi á gbà á.

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè díẹ̀, etí mi kò gbọ́ dáadáa mọ́.

O ní ṣé o sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bàbá rẹ gbé àtùpà wá wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bóyá o ṣì ń mí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí gbogbo wa rọra máa sọ̀rọ̀. O sùn, Àbẹ̀kẹ́. O sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.